Ìjì ní Ilé Ọkọ

Atọ́wò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí òun ló ń tọ́ géèmù wò kó tó dé ọwọ́ àwọn ará ìta, bí alásè ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó bù ú fún àlejò. Iṣẹ́ tí kò gbayì ni. Èèyàn á jókòó láti àárọ̀, á máa tẹ bọ́tìnnì, á máa fa ọ̀pá ìdarí síwá sẹ́yìn, á máa wá ibi tí géèmù ti dùn àti ibi tó ti bàjẹ́, títí ọrùn ọwọ́ á fi wú. Ṣùgbọ́n ọmọ bàbá rẹ̀ ni, inú iṣẹ́ yìí ni wọ́n sì bí i sí.

Bàbá rẹ̀ ni ayàwòrán tó dá Ìjì sílẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó wọ gbọ̀ngàn géèmù tí kò mọ Ìjì: obìnrin gíga kan, aṣọ búlúù, irun tí wọ́n dì sí ìpàkọ́, tó máa ń kẹ́yìn sí ọ̀tá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ máa lọ sílé, kó tó wá yí bírí bí òkòtó, kó fi gìgísẹ̀ gbé onítọ̀hún ṣubú. Ìyàwó ara rẹ̀ ló wò kó tó ya á. Aránṣọ ni obìnrin náà nígbà tí wọn ò tíì fẹ́ra. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, ó kọjú sí yàrá tí ayàwòrán ń gbé. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù há, aṣọ sì kún apá rẹ̀ méjèèjì dé àgbọ̀n. Ló bá kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn, ó yí bírí, ó ta á ní ìpá kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Ayàwòrán wà lójú fèrèsé pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ó máa ń sọ pé ọjọ́ yẹn lòun rí ìyàwó, ọjọ́ yẹn náà lòun rí oúnjẹ òòjọ́.

"Kò sọ èyí tó kọ́kọ́ rí nínú méjèèjì ṣá o," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń fèsì láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ìjì ló kún ògiri ilé wọn. Ìjì tó ń fò, Ìjì tó dúró, Ìjì tó ti ṣubú tó ń gbìyànjú láti dìde. Fọ́tò ìyá fúnra rẹ̀ ò sí níbẹ̀, àfi kékeré kan tí wọ́n yà fún káàdì ìdánimọ̀, inú dúrọ́ọ̀ ló sì wà. Ayàwòrán ò ya ọmọ rẹ̀ rí. Nígbà tí ọmọ wà ní kékeré, abẹ́ tábìlì bàbá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, á máa retí ìgbà tó máa wolẹ̀, kó wí pé, "Dúró bẹ́ẹ̀, má mira." Kò wí i. Nígbà tó dàgbà, tó gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan náà, ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá mọ Ìjì í gbá ju ẹnikẹ́ni lọ, ó ṣeé ṣe kí bàbá òun gbójú kúrò lára ìwé, kó wo òun.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ilé iṣẹ́ náà rẹ̀yìn. Àwọn tó ti ń bá wọn díje láti ọjọ́ pípẹ́ wá rà á, àti àga, àti ẹni tó jókòó lórí àga. Wọ́n ní kí àwọn àgbà ayàwòrán máa lọ sílé, kọ̀ǹpútà ti ń yàwòrán báyìí. Wọ́n fi Atọ́wò sílẹ̀ nítorí pé owó oṣù rẹ̀ ò tó ohun tí wọ́n ń ṣírò.

Kò pẹ́ tí àwọn tó rà wọ́n fi pinnu láti kó oníjà ilé méjèèjì pọ̀ sínú géèmù kan. Nǹkan tí àwọn èèyàn ti ń bẹ̀bẹ̀ fún tipẹ́ ni: kí ọ̀tá àtijọ́ pàdé ọ̀tá àtijọ́, ká wá mọ ẹni tó jù. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìgbéyàwó ni. Ilé tó rani di Ilé Ọkọ, ilé tí wọ́n rà di Ilé Ìyàwó. Bí oníjà Ilé Ìyàwó bá na ti Ilé Ọkọ, ẹnìkan á kígbe pé, "Ìyàwó mà ń na àna o!" gbogbo yàrá á sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Atọ́wò mú ìròyìn náà délé, bàbá rẹ̀ wà lórí àga rẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n tó ti bo ẹnu.

"Ṣé wọ́n fi í sí i?" ó béèrè.

"Wọ́n fi í sí i, Bàámi."

"Ṣé wọn ò yí ìdúró ẹ̀ padà?"

"Wọn ò yí i."

"Ìpá ńkọ́?"

"Ìpá wà níbẹ̀, bí ẹ ṣe ṣe é gan-an."

Bàbá dìde, ó lọ sí ilé ìwẹ̀, wọ́n sì gbọ́ tí omi ń ṣàn. Irùngbọ̀n ló ń fá.

"Ẹ gbà mí," ni ìyá wí, kò gbójú kúrò lórí aṣọ tó ń rán. "Èmi tí mo wà láàyè, ó ti tó ìgbà wo tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó fá nǹkan yẹn? Wọ́n dárúkọ obìnrin inú ẹ̀rọ, abẹ ti dọ́wọ́ ẹ̀."

Yàrá tí wọ́n ti ń tọ́ géèmù wò wà ní abẹ́ ilé, kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wáyà wọn lọ́ mọ́ra nílẹ̀ bí ìfun, òórùn rọ́bà gbígbóná àti kọfí àná ló sì máa ń kí èèyàn káàbọ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Apá Òsì ni ẹnìkejì Atọ́wò. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́.

Géèmù náà dùn, ká má purọ́. Oníjà méjì-méjì ni èèyàn ń mú; bó bá ti rẹ ọ̀kan, èkejì á fò wọlé wá gbà á sílẹ̀. Èèyàn lè mú ọ̀kan láti Ilé Ọkọ, kó mú èkejì láti Ilé Ìyàwó, kí àwọn tó ti ń bú ara wọn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé wá máa ṣọ́ ẹ̀yìn ara wọn. Orin ilé méjèèjì á lọ́ mọ́ra nígbà náà, èyí á gbe èyí. Ọwọ́ géèmù náà sì yá: ohun tí o bá tẹ̀ ni oníjà rẹ á ṣe, lójú ẹsẹ̀, kò ní máa rò ó. Kódà ẹni tí kò gbá géèmù rí á tẹ bọ́tìnnì lásán, á rí nǹkan aláràbarà, á sì rò pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ó ní tiẹ̀ lára. Ọwọ́ àwọn ọmọ Ilé Ọkọ wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Àgbà wọn, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Eléwù Idẹ, bó bá lu èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ìlà ẹ̀mí onítọ̀hún tó wà lókè gíláàsì ẹ̀rọ á ti lọ. Bí ọmọ Ilé Ìyàwó bá fi irú ẹ̀ṣẹ́ kan náà lu òun, bí ẹni ń lé eṣinṣin ni. Àléébù kejì ni pé oníjà ti pọ̀ jù, ìdajì wọn sì jẹ́ ẹnìkan náà tó pààrọ̀ aṣọ.

Ìkẹta ni Ìjì. Nínú géèmù àtijọ́, ẹni tó bá jẹ ìpá rẹ̀ á ṣubú, á sì dìde. Nínú tuntun yìí, kí onítọ̀hún tó kanlẹ̀, ẹnìkejì Ìjì á ti fò wọlé, á lù ú sókè, Ìjì á ti ráyè yí padà, á tún ta á. Bí ọ̀tá bá ti há mọ́ etí gíláàsì, kò tún sọ̀kalẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí Atọ́wò kọ́kọ́ rí i, Apá Òsì ló ń bá gbá. Ó ta á mọ́ igun, ó tún ta á, ó tún ta á. Apá Òsì tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó wà níwájú ẹ̀, kò sí èyí tó gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó gbé ife kọfí, ó ń mu ún, ó ń wo bí ẹ̀mí òun ṣe ń tán lọ.

"Ìyá ẹ ti pa mí," ó wí. "Ṣé kí n lọ jẹun kí n tó padà wá?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Atọ́wò sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Kò yẹ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá ti ń dúró dè é lójoojúmọ́ báyìí, á ti wẹ̀, á ti gbé àga kejì síwájú tirẹ̀ fún un. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún un rí.

"Ó lágbára jù, Bàámi. Bó bá ti mú èèyàn mọ́ ògiri, ó parí."

Bàbá pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó wúkọ́. "Obìnrin mi nìyẹn! Ṣebí mo sọ?"

"Àléébù ni o. Bí àwọn tó ń gbá a bá ti mọ̀, wọn ò ní mú ẹlòmíì mọ́. Ìpá yẹn nìkan lojú á máa rí, géèmù á sì sú wọn."

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá. "Ṣé o fẹ́ sọ fún wọn ni?"

"Iṣẹ́ mi nìyẹn, Bàámi."

"Ìwọ gbọ́. Wọ́n rà wá, wọ́n lé wa, wọ́n kó ọmọ wa lọ. Ẹnìkan péré ló kù nínú ilé wa tó lè dojú kọ wọ́n, ìwọ ọmọ mi lo wá fẹ́ lọ mú ọ̀bẹ fún wọn kí wọ́n gé e lẹ́sẹ̀?"

"Mi ò ní kí wọ́n gé e lẹ́sẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, tiwọn àti tiwa. Tiwọn gan-an ló burú jù."

"Ọmọ kì í fi ìka àléébù han ará ìta lára ìyá ẹ̀."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. "Ìyá ta ni?" ni ìyá wí. "Èmi rèé níbí. Orúnkún ń ro mí láti àná, ta ló bi mí nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ó wò wọ́n, ó sì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Lókè pátápátá ni yàrá ìpàdé wà, níbi tí tábìlì ti jẹ́ gíláàsì, tí àga sì rọ̀ débi pé ẹni kúkúrú á fẹ́rẹ̀ẹ́ rì. Ọ̀gá tó ń mójú tó géèmù náà kì í pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń pàṣẹ, tó fi jẹ́ pé èèyàn á ti gbà kó tó mọ ohun tóun gbà. Atọ́wò dìde, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó kọ́kọ́ sọ ibi tí géèmù ti dáa, ó sì rí i tí inú wọn ń dùn. Ó wá sọ̀rọ̀ ọwọ́ wíwúwo Ilé Ọkọ. Ó sọ̀rọ̀ oníjà tó pọ̀ jù. Ìjì ló fi kẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má fọwọ́ kan ìpá náà fúnra ẹ̀," ó wí. "Ìpá yẹn ò ní ẹ̀ṣẹ̀. Kí ẹni tó jẹ ẹ́ ṣáà lè já bọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, ó ti tán."

Ọ̀gá mi orí. "Ọmọ ayàwòrán ni ọ́, síbẹ̀ o ò ṣègbè. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an ni."

Ara Atọ́wò yá gágá. Inú bí i sí ara rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ara òun yá lọ́jọ́ yẹn.

"Ní ti Eléwù Idẹ," ni ọ̀gá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "nítorí pé ó lágbára lèèyàn ṣe fẹ́ràn ẹ̀. A ò ní fọwọ́ kàn án. Iye oníjà, a ti tẹ̀ ẹ́ sára pátákó ìpolówó, kò ṣeé yí. Ti Ìjì yìí, a máa tún un ṣe."

"Sà, bẹ́ ẹ bá tún tiẹ̀ nìkan ṣe, tẹ́ ẹ fi ti Eléwù Idẹ sílẹ̀, ṣe lẹ di ìyàwó lọ́wọ́ kí ọkọ lè nà án."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín ní ìparí tábìlì. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "O mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ," ó wí. "Ó kan àwọn tó ń bójú tó orin."

Nígbà tí àtúnṣe dé sí abẹ́ ilé, Atọ́wò ló kọ́kọ́ jókòó tì í. Ìpá Ìjì ò gùn mọ́. Kò dé ibi kan. Ó ti lọ́ra. Èyí tó burú jù ni pé lẹ́yìn tó bá ta á tán, kì í tètè yí padà. Á dúró síbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọ̀tá, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Eléwù Idẹ ni Apá Òsì fi bá a jà. Ó rìn lọ bá a láti ẹ̀yìn, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹrin, ó tán.

Apá Òsì ò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Wọ́n ti sọ obìnrin yìí di aláìsàn."

Atọ́wò gun òkè lọ bá ọ̀gá, kò dúró kí wọ́n pe òun. Ó bẹ̀ ẹ́ ní ìdúró. Ọ̀gá ní òun gbọ́ ọ, òun sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n ti ń kó wọn lọ.

Kò sọ ọ́ nílé. Bí bàbá bá béèrè, á ní àwọn ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ó ń gbàdúrà pé kí ẹsẹ̀ máa dun bàbá tàbí kí òjò máa rọ̀, kó má baà lè lọ sí gbọ̀ngàn géèmù. Ṣùgbọ́n bí pátákó géèmù náà ṣe ń hàn káàkiri ìgboro, ìyá pè é lórí fóònù níbi iṣẹ́.

"Bàbá ẹ ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun jáde. Mi ò ní láti sọ ibi tó lọ fún ọ."

Gbọ̀ngàn géèmù náà kún, ariwo ẹ̀rọ ń dí èèyàn létí, ilẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ bàtà nítorí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ti dà síbẹ̀. Atọ́wò bá bàbá rẹ̀ lórí àga gíga kan, àyíká rẹ̀ kún fún ọ̀dọ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù ló ń bá a gbá. Ìjì ni bàbá mú. Ó ń ta ìpá, ìpá ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́, Ìjì á dúró, á kẹ́yìn, Eléwù Idẹ á sì wá bá a. Ó ṣubú. Bàbá tún san owó, ó tún mú Ìjì. Ó tún ṣubú.

"Bàbá, ẹ mú ẹlòmíì," ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí, kò wí i tìkà-tìkà. "Obìnrin yẹn ò wúlò fún nǹkan kan."

"Èmi ni mo yà á," ni bàbá wí.

"Ẹ ní kí ni?" Ariwo ò jẹ́ kó gbọ́.

Bàbá ò tún un sọ. Ó yíjú, ó sì rí ọmọ rẹ̀ láàárín èrò. Ó rọra sọ̀kalẹ̀ lórí àga. "Wá jókòó," ó wí. "Ìwọ lo mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é."

Kí ni ì bá ṣe? Ó jókòó. Ó mú Ìjì. Kò sí ẹni tó mọ géèmù yẹn tó o láyé, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ta ìpá pẹ́nrẹ́n, òun ti kú. Nítorí náà kò ta á. Ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń sá, ó ń fi ọwọ́ gbá Eléwù Idẹ lẹ́sẹ̀ kékeré-kékeré, ó ń sá padà, títí ìlà ẹ̀mí ọkùnrin náà fi gbẹ. Àwọn ọ̀dọ́ hó yèè. Ọ̀dọ́bìnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Fún ìṣẹ́jú kan inú Atọ́wò dùn bí ọmọdé, ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Ìyẹn kì í ṣe òun," ni bàbá wí. Ó sì jáde.

Nígbà tí Atọ́wò délé, ó bá bàbá rẹ̀ tó dúró láàárín yàrá pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. "O ti pa ìyá ẹ," ni bàbá wí kí Atọ́wò tó pa ilẹ̀kùn dé. "Mo bẹ̀ ọ́ nínú yàrá yìí. O lọ dìde níwájú àwọn tó lé mi, o sì pa ìyá ẹ kí wọ́n lè pè ọ́ lọ́mọ dáadáa."

Ìyá ló sọ̀rọ̀. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó gún un mọ́ aṣọ.

"Mo ṣì ń mí o," ó wí. "Àbí ẹ ò rí mi? Gbogbo ayé ló mọ bí mo ṣe ń gbé ẹsẹ̀, wọn ò mọ̀ pé mo ń jẹ́ nǹkan kan. Ìwọ ọkọ mi, ẹsẹ̀ tí o yà yẹn, ó ti wú. Dókítà ní kí n má gun àtẹ̀gùn mọ́, òkè kẹta la sì ń gbé. Mo sọ ọ́ fún ọ, o ní kí n yẹra díẹ̀, mo dí ìmọ́lẹ̀. Ìwọ ọmọ náà, o ń bá a du obìnrin tí kò sí. Kí n kú ni, àbí kí n ṣe báwo, kí ẹ tó wo ibi tí mo jókòó sí?"

Kò sunkún, kò sì pariwo. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ó kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ní yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé. Atọ́wò àti Apá Òsì ló bá a gbé ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni, òun kàn fẹ́ máa gbé níbi tí wọ́n á ti mọ̀ bí òun bá wọlé. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀.

Láti ìgbà náà, Atọ́wò ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀ ní Sátidé. Bàbá ń jẹ ẹ́. Ó ń fọ abọ́, ó ń gbé e fún un padà, ṣùgbọ́n kì í bá a sọ̀rọ̀.

Géèmù náà tà wàrà-wàrà níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú Eléwù Idẹ, Eléwù Idẹ ń na Eléwù Idẹ, títí ó fi sú wọn. Ohun tí Atọ́wò sọ nínú yàrá ìpàdé ló ṣẹ láìku ẹyọ kan, kò sì sí ẹni tó rántí pé ó sọ ọ́. Ọ̀gá ní èrò ọkàn àwọn oníbàárà ló yí padà. Wọ́n ní àwọn á ṣe òmíràn, wọ́n sì yọ gbogbo oníjà tí ẹnikẹ́ni kì í mú. Ìjì ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti yàrá abẹ́ ilé pa, wọ́n sì ní kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa lọ sílé. Wọ́n ní kí àwọn oníbàárà máa fúnra wọn wá àléébù nílé wọn.

Ìyá rẹ̀ ni Atọ́wò kọ́kọ́ sọ ti Ìjì fún. Ìyá ń gé aṣọ lọ́wọ́, ó gé e débi tó ń lọ kó tó fèsì. "Wọ́n ṣe dáadáa," ó wí. "Kóun náà lọ jókòó."

Ti bàbá ló nira. Ó dúró kó jẹun tán, ó wá sọ ọ́ lójú kan náà: wọn ò ní lo Ìjì mọ́. Bàbá jókòó pẹ̀lú abọ́ lórí itan.

"Ṣé ìwọ lo sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ ọ́?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ látọjọ́ yẹn nìyí.

"Rárá, Bàámi. Wọn ò bi mí."

"Hẹn. Wọn ò ní bi ọ́ mọ́." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi ṣe ẹlẹ́yà, ohùn ẹni tó ti gba ọ̀nà náà kọjá ni. Ó dìde, ó lọ fọ abọ́.

Atọ́wò rò pé ó máa tún sọ nǹkan míì. Ó dúró títí omi fi dákẹ́. Bàbá gbé abọ́ fún un ní tútù, ó sì wọ yàrá lọ. Nínú oṣù tó tẹ̀lé e, Atọ́wò rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta bàtà, níbi tó ti ń kúnlẹ̀ wọn ẹsẹ̀ fún àwọn obìnrin àgbà.